Ẹ̀ṣọ́ Yìnyín Chilkapata

Níbi ìsìnkú Saturnino Champi, ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kì í ṣe òótọ́. Ẹnì kan ní ọdún mọ́kànlá gbáko tí Saturnino fi ṣọ́ oko wa, yìnyín kan kò bọ́ síbẹ̀. Ẹlòmíràn ní ìlú ló lé e lọ sórí òkè pé kó lọ máa dá gbé. Ẹnì kẹta, tí ọtí àgbàdo ti ń bá sọ̀rọ̀, ní òun mọ ọkùnrin náà láti kékeré, omijé kò jáde lójú rẹ̀ rí. Ó ti pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Chilkapata, ìlú wa lórí òkè ní Peru, níwèé, àṣìṣe kì í sì í kọjá níwájú mi kí n má fà á létí. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í mú bírò pupa dání lọ síbi òkú. Mo gbẹ́nu dákẹ́, mo bá wọn ju erùpẹ̀ sí i, mo padà sílé. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni mo kọ síhìn-ín.

Oṣù méjì péré ni ọdún wa dúró lé lórí. Láti oṣù karùn-ún títí dé ìkẹjọ, ìrì dídì ló ni ilẹ̀. Omi inú korobá á le gbagidi, àwa náà á tẹ́ pòtétò sórí koríko kí òtútù òru àti oòrùn ọ̀sán lè gbẹ ẹ́ di chuño, èyí tí a ń kó pamọ́ de ọjọ́ ebi. Láti oṣù kejìlá, òjò. Nígbà tí oṣù kìíní bá sì wọlé, pòtétò á tanná, funfun àti àwọ̀ àlùkò, láti etí odò títí dé ìdí àpáta, ojú gbogbo ènìyàn á wá wà lókè títí oṣù kejì á fi parí. Bí yìnyín bá bọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní àkókò yẹn, ìyàn dé nìyẹn títí di ọdún kejì.

Àwọn àgbà wa ní ọmọ ìyá kan náà ni Yìnyín, Òjò Dídì àti Ìrì Dídì, olè sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà ni ìpàdé ìlú fi ń yan ẹ̀ṣọ́ kan ní ọjọ́ kìíní ọdún. Ẹ̀ṣọ́ náà á gòkè lọ sí ahéré olókùúta tó wà lórí gbogbo oko, kò ní sọ̀kalẹ̀ títí a ó fi wú pòtétò àkọ́kọ́. Kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀, kò gbọdọ̀ sùn ti ìyàwó. Bí ìkùukùu funfun bá yọ láti ẹ̀yìn òkè, á dáná sí koríko tútù kí èéfín lè gòkè, á fun fèrè ìkarahun, á fi kànnàkànnà ta òkúta sójú ọ̀run, á sì máa bú wọn:

“Ẹ kọjá, ẹ̀yin olè! Kí lẹ wá jí? Orí àpáta ni kẹ́ ẹ lọ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti jẹun! Ìyá yín ń pè yín nílé!”

Ilé gogoro tí a fi ṣe ilé-ìwé wa, ilé onílẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà ayé onílẹ̀, òun ló ni oko, òun ló ni òkè, òun ló ni ẹ̀ṣọ́ pàápàá. Ìdí agogo tí mo fi ń pe àwọn ọmọ wọ kíláàsì ni wọ́n ti ń na ẹ̀ṣọ́ tí yìnyín bá borí. Pascual Champi, bàbá Saturnino, jẹ pàṣán mẹ́rìnlélógún níbẹ̀ ní ọdún 1961. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Saturnino, òun ló bá bàbá rẹ̀ di fìlà mú. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé pàṣán náà ló pa Pascual. Rárá o. Ikọ́ ló pa á, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni kò ti wo ojú ọ̀run mọ́. Ilẹ̀ ló ń wò títí ó fi wọ inú rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba ológun gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ńlá ní gbogbo Peru, tiwa bọ́ sí wa lọ́wọ́ ní 1972. Onílẹ̀ di ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn ìbaaka, ó lọ. A gba ilẹ̀, a gba ilé, a gba agogo, a sì gba àṣà mọ́ ọn. Pàṣán nìkan la fi sílẹ̀. Dípò rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ tí yìnyín bá borí á fi àgùntàn tanràn, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí i títí ọdún á fi yí po.

Ohun kan tún wà nínú àṣà náà. Wọ́n ní bí ọmọ bá kú láìṣe ìrìbọmi, tí wọ́n sì sin ín ní ìkọ̀kọ̀, ibi tí ó sùn sí á máa pe yìnyín. Nítorí náà, bí yìnyín bá ti jẹ oko, ìlú á bẹ̀rẹ̀ sí í wá obìnrin tí ikùn rẹ̀ ga tí a kò rí ọmọ. N kò gba èyí gbọ́, mo sì ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ṣùgbọ́n Saturnino gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ìyẹn ló sì ṣe pàtàkì níbí.

Ọdún 1996 ni wọ́n kọ́kọ́ yàn án. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni, Fortunata ìyàwó rẹ̀ sì ti pé ogójì. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún wọn, Rufina, tí ó ti wà nílé ọkọ ní Cusco. Fortunata wá tún lóyún, ojú sì ń tì í. Àwọn obìnrin wa ń wọ yẹ̀rì mẹ́rin márùn-ún lé ara wọn, kò sí ẹni tó fura.

“Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìyá àgbà,” ó sọ fún ọkọ rẹ̀, “èmi ni mo tún ń fún ọmọ lọ́mú? Domitila á fi mí kọrin káàkiri ìlú.”

Lọ́sàn-án ojoojúmọ́ ó ń gbé oúnjẹ aláìníyọ̀ gòkè lọ fún un, á gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ahéré, á sì padà. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, tí oyún náà pé oṣù méje, ìkùukùu ká a mọ́ orí òkè. Saturnino ní kó wọlé kó jókòó. Kò pẹ́ tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, tí òun sì wà níta pẹ̀lú iná àti kànnàkànnà.

Ìgbà mẹ́ta ni Fortunata pè é. “Bàbá Rufina!” Ó gbọ́, ó tún ta òkúta sójú ọ̀run. “Bàbá Rufina o!” Ó dáhùn pé, “Ó kù díẹ̀!” Ẹ̀ẹ̀kẹta kò ní ọ̀rọ̀ nínú, igbe lásán ni. Nígbà tí ìkùukùu fi máa yà sí ìhà àpáta, tí òun náà sì sáré wọlé, ọmọ ti bọ́ sórí awọ àgùntàn. Obìnrin ni, kò tóbi ju ọmọ ológbò lọ, ó ń mí. Fortunata ti dákú.

Kò sí àgbàlagbà nílùú wa tí kò mọ ohun tó yẹ ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀: níbi tí àlùfáà kò bá sí, ẹnikẹ́ni lè da omi sórí ọmọ tó ń kú lọ, kó sì sọ ọ̀rọ̀ ìrìbọmi. Saturnino wo ìkòkò omi. Ó ti dà á tán sórí koríko kí èéfín lè pọ̀. Odò jìnnà. Ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni yìnyín. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí ó fi yọ́, ó dà á sórí ọmọ náà, ó sì pè é ní Asunta. Ọmọ náà ya ẹnu bí ẹni tí òtútù mú. Iná ìta kò tíì kú tí ẹ̀mí rẹ̀ fi bọ́.

Ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè: omi wo ni mo fi ṣe é? Omi olè ni. Lójú tirẹ̀, kì í ṣe Ọlọ́run ni ó fi ọmọ náà lé lọ́wọ́. Bí ó bá gbé òkú náà lọ sí ìtẹ́ òkú ìlú, wọn á béèrè bóyá wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, wọn á sì béèrè irú omi tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀ṣọ́ kì í sì í sọ̀kalẹ̀. Ó bọ́ pónṣò pupa, aṣọ ìbora tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi wé ọmọ náà, ó gbẹ́ ìdí ògiri ahéré ní ìhà tí oòrùn ti ń yọ, ó sin ín síbẹ̀.

Nígbà tí Fortunata lajú, ó béèrè ọmọ. Ohun tí Saturnino sọ fún un nìkan ni irọ́ tí mo mọ̀ pé ó pa láyé rẹ̀.

“Mo ṣe ìrìbọmi fún un. Mo sáré gbé e sọ̀kalẹ̀ nígbà tí o ṣì sùn. Ó wà ní ìtẹ́, lẹ́bàá ògiri, lábẹ́ igi capulí.”

“Ìwọ? O sọ̀kalẹ̀?”

“Mo sọ̀kalẹ̀.”

“Bí wọ́n bá rí ọ ńkọ́?”

“Wọn ò rí mi.”

“Pónṣò rẹ dà?”

“Odò gbé e lọ.”

Fortunata di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì tún béèrè nǹkan mọ́. Ó gbà pé ọkọ òun rú òfin ìlú nítorí ọmọ òun, ó sì pinnu pé ẹnu òun kọ́ ni ìlú á ti gbọ́. Ọjọ́ kejì ó sọ̀kalẹ̀, ó ní ibà ló ká òun mọ́ òkè. Nítorí pé ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ ni irọ́ náà ṣe ríbi fara pamọ́ sí.

Ẹnu Saturnino fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo èyí, nígbà tí kò sí ohun tó kù láti fi pamọ́ mọ́.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, tí a ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn òkú wa ní ìtẹ́, ti ọmọdé máa ń jẹ́ búrẹ́dì tí a mọ bí ọmọ ọwọ́, tí a ṣe ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sí lára. Lọ́dọọdún Fortunata á yan ọ̀kan, á gbá abẹ́ igi capulí mọ́, á gbé e síbẹ̀.

“Ta lo gbé ìyẹn fún?” Domitila bi í lẹ́ẹ̀kan. Domitila kò sí ohun tí kì í béèrè.

“Fún àwọn tí ò lẹ́nìkan.”

Àwọn ènìyàn yìn ín pé onínúure ni. Saturnino á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á fi fìlà bo àyà, á máa wo ibòmíràn. Búrẹ́dì mọ́kànlá ni Fortunata gbé síbẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ kìíní ọdún, kí ìpàdé tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, Saturnino á ti dìde. “Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi.” Leoncio, alága ìpàdé, á rẹ́rìn-ín: “Saturnino, àbí o ti fi òkè ṣe ìyàwó kejì ni?” Ohun tí ìlú rò ni pé ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2007, ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣíwájú ọdún Kànífà, àríyá tó máa ń ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, yìnyín bọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Aago ilé-ìwé ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yìnyín náà tó ẹyin àdàbà. Àwọn ọmọ wà lábẹ́ tábìlì, n kò sì gbọ́ ohùn ara mi nítorí páànù orí ilé. Nígbà tí ó dá, òórùn ewé pòtétò tí a gún gba gbogbo ìlú, bí ẹni pé wọ́n ń se ọbẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Leoncio lu agogo, ìpàdé jókòó sí àgbàlá ilé-ìwé, àwọn obìnrin nílẹ̀, àwọn ọkùnrin ní ìdúró. Domitila ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ẹ jẹ́ ká má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ẹnì kan ti fi nǹkan sínú ilẹ̀. Ọdún mọ́kànlá lolè ò wá, ta ló wá pè é?”

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀,” ni mo wí. “Ìwé òjò ilé-ìwé nìyí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni yìnyín bọ́ sí oko yìí láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ó kàn jẹ́ pé kò pẹ́ ni. Bí afẹ́fẹ́ òkè bá tutù…”

“Ẹ ṣeun, tíṣà,” Leoncio ní. “Ẹ fi ìyẹn kọ́ àwọn ọmọ.”

“Bí ìwé bá ń dá yìnyín dúró ni,” Domitila ní, “à bá ti tẹ́ ìwé bo oko.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì jókòó. N kò tíì gbàgbé bí mo ṣe tètè jókòó tó.

Ẹni tí wọ́n nàka sí ni Nicolasa, opó ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ìsàlẹ̀ odò ló ti wá fẹ́ ọmọ ìlú wa, ibi ìwakùsà sì wó pa ọkọ rẹ̀ ní ọdún tó ṣíwájú. Kò ní ará kankan láàárín wa àfi ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó pọ̀n sẹ́yìn. Ní oṣù kọkànlá ikùn rẹ̀ wú, nígbà tó fi di Kérésìmesì ó ti wálẹ̀.

“Aràn ni,” Nicolasa ní. “Nọ́ọ̀sì fún mi lóògùn, gbogbo yín lẹ rí nọ́ọ̀sì.”

“Aràn!” Domitila pàtẹ́wọ́. “Aràn wo ló ń mú obìnrin sunkún lẹ́yìn ilé?”

“Ọkọ mi ni mò ń sunkún, ìyá.”

“Ọkọ tó ti kú látọdúnnìí?”

“Ṣé ó ti jí ni?”

Àwọn ọkùnrin kan wúkọ́. Leoncio gbé ọwọ́ sókè. Kì í ṣe ọkùnrin burúkú. Ẹ̀rù ìyàn ló ń bà á, ó ní ọmọ méje nílé.

“Ọmọ mi, fi ibẹ̀ hàn wá. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn ọ́. A ó hú u, a ó pe àlùfáà, ọ̀rọ̀ tán. Tó o bá kọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, kó ẹrù rẹ, pọn ọmọ rẹ, kọjá odò. Ilẹ̀ ọkọ rẹ á padà sọ́wọ́ ìlú.”

“Kí ni kí n fi hàn yín, bàbá? Ṣé kí n lọ gbẹ́ ihò ni, kí n wá bí ọmọ sínú ẹ̀?”

Saturnino dúró lẹ́nu géètì. Ó ti sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ yẹn, kò sí ohun tó kù lókè tí ẹnikẹ́ni ń ṣọ́. Èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti bó níbi okùn kànnàkànnà. Kì í ṣe àgùntàn ìtanràn ló ń rò. Bí ó bá dákẹ́, Nicolasa á pọn ọmọ rẹ̀ kọjá odò. Bí ó bá sọ̀rọ̀, Fortunata á gbọ́, níwájú gbogbo ìlú, pé ọdún mọ́kànlá ni òun fi ń gbálẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ó rìn wọ àárín àwọn obìnrin, ó lóṣòó níwájú ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yìn wọn gan-an ni mo jókòó sí.

“Dákun, máa lọ sílé.”

“Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe nílé?”

“Fortunata, mo bẹ̀ ọ́. Lọ sílé.”

“Mi ò lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ rẹ? Mú un wá.”

Ó fà á lọ́wọ́, ó fẹ́ fi etí yẹ̀rì nu ún. Saturnino gba ọwọ́ rẹ̀ padà, ó dìde.

“Ẹ fi Nicolasa sílẹ̀,” ó ní. “Èmi ni. Ọmọ mi ló wà nínú ilẹ̀. Ó wà nídìí ògiri ahéré, láti ọdún àkọ́kọ́.”

“Ọmọ wo?” Leoncio ní. “Saturnino, ó rẹ̀ ọ́. Lọ sùn.”

Fortunata ló dáhùn, láti ibi tó jókòó sí. “Irọ́ ni. Ọmọ mi wà ní ìtẹ́.” Gbogbo ojú yí sí i, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó ní ọmọ kankan ní ìtẹ́. Òun kò wo ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ọkọ rẹ̀. “Bàbá Rufina, sọ fún wọn pé ọmọ mi wà ní ìtẹ́.”

Saturnino ń wo ilẹ̀.

“Sọ fún wọn.”

“Kò sí níbẹ̀, Fortunata.”

A gòkè lọ, gbogbo wa, láàárín oko tó ti di ẹrẹ̀ dúdú. Leoncio fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀. Kò jìn. Fortunata kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú ihò náà, ó fa igun aṣọ kan jáde, ó sì tú u. Aṣọ náà ti di àwọ̀ ilẹ̀, àfi níbi tí ó ká sí nìkan ni ó ṣì pupa.

“O ní odò gbé e lọ,” ó ní.

Ó tẹ́ aṣọ ìpọnmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó kó egungun kéékèèké náà sínú rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó so ó níwájú àyà bí obìnrin ṣe ń so ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ kan gbé e nídìí, bí ẹni pé ó lè yọ̀. Domitila ni ẹni àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kó lè kọjá.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni àlùfáà dé, ọkùnrin kékeré kan tí ẹrẹ̀ mu bàtà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń dé ọ̀dọ̀ wa lọ́dún, ti ọjọ́ yẹn jẹ́ àfikún nítorí wọ́n ránṣẹ́ pè é. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn ni ó ti bi Saturnino léèrè.

“Ṣé ẹnikẹ́ni da omi sí i lórí?”

“Èmi ni, Fadá. Ṣùgbọ́n omi ọ̀hún kì í ṣe omi gidi.”

“Omi wo?”

“Yìnyín. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà.”

“O jẹ́ kó yọ́?”

“Lọ́wọ́ mi.”

“O sọ ọ̀rọ̀ náà?”

“Mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.”

Àlùfáà náà nu ojú rẹ̀. “Omi ni yìnyín, bàbá. Omi òjò náà ni. Ìrìbọmi yẹn dúró, n kò tilẹ̀ lè tún un ṣe. Kó tó kú ló ti di ọmọ Ọlọ́run.”

Gẹ́gẹ́ bí àṣà tiwa gan-an, ọmọ tí a ti ṣe ìrìbọmi fún kò lè pe yìnyín. Leoncio ń wo bàtà rẹ̀. Domitila bẹ̀rẹ̀, “Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni…”, kò sì parí rẹ̀.

Saturnino jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì sunkún. Ẹni tó bá ní kò sunkún rí, kó wá bi mí. Ó sunkún bí ọmọdé, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò mú un. “Ká ní mo béèrè,” ó ń wí. “Ká ní mo béèrè.” Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ẹni tí ó lè dá a lóhùn ń kọjá níwájú rẹ̀, tí òun sì ń ṣí fìlà kí i.

Wọ́n fẹ́ sin Asunta sí apá ibi tí àwọn ọmọdé wà. Fortunata kọ̀. “Abẹ́ igi capulí ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbá ibẹ̀.” Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Lọ́jọ́ kejì ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ bá Rufina ní Cusco.

Kó tó lọ, mo lọ kí i. Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, mo ní ẹ̀rù ló bà á, mo ní ó kúkú sin ọmọ náà dáadáa. Ó gbọ́ mi dé òpin, lẹ́yìn náà ló tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

“Tíṣà, kì í ṣe ibi tó sin ín sí. Ojoojúmọ́ ni mò ń gun òkè yẹn, oṣù méjì lọ́dún, ọdún mọ́kànlá. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni mò ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ sí. Ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó rí mi tí mo yí ẹ̀yìn padà, tí mò ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá ògiri ìtẹ́ sọ̀rọ̀. Ó sì jẹ́ kí n máa lọ.”

N kò rí nǹkan kan tún ṣe nínú ìyẹn.

Ọdún náà le. Chuño tó ti pẹ́ la jẹ títí ó fi tán, ìdajì àwọn ọkùnrin lọ ru ẹrù ní ọjà Cusco, àwọn kan kò sì padà títí di òní. Nicolasa dúró lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ní ti Saturnino, kò sí ẹni tó lé e. Leoncio tilẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó sílé. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé awọ àgùntàn rẹ̀ padà lọ sí ahéré, ọdún méjìlá ló sì lò níbẹ̀, òjò àti ìrì dídì. Kò dí ihò ìdí ògiri náà. Wọ́n ń yan ẹlòmíràn ṣe ẹ̀ṣọ́ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n bí ìkùukùu bá yọ, fèrè méjì là ń gbọ́. N kò gbọ́ kó bú olè mọ́.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta Fortunata padà sí ilé wọn nísàlẹ̀. Kò gun òkè. Lọ́sàn-án á se oúnjẹ, Nicolasa á gbé e lọ. Mo bi Nicolasa lẹ́ẹ̀kan bóyá wọ́n máa ń rán ọ̀rọ̀ sí ara wọn.

“Rárá, tíṣà. Ó kàn ń wo inú àwo bí mo bá gbé e padà, bóyá ó jẹun tán.”

“Ọkùnrin náà ńkọ́?”

“Ó máa ń jẹ ẹ́ tán. Kò kúkú sí iyọ̀ nínú ẹ̀ rí.”

Nicolasa náà ló bá a ní oṣù kẹjọ tó kọjá, ó jókòó ti ògiri ní ìhà oòrùn, ìrì dídì wà lórí fìlà rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà gbé e sọ̀kalẹ̀. Leoncio, tí ó ti ń fi ọ̀pá rìn, lọ béèrè lọ́wọ́ Fortunata ibi tí wọn á gbẹ́.

“Ẹ gbé e sí ẹsẹ̀ ọmọ,” ó ní. “Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ tèmi ni.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe. Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, mo rí Fortunata lábẹ́ igi capulí pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀. Búrẹ́dì kan péré ló gbé wá. Mo wò ó dáadáa. Ó gbá ilẹ̀ tán, ó jókòó fún ìgbà pípẹ́, ó wá ṣẹ́ búrẹ́dì náà ní orúnkún. Orí àti ọwọ́, ó gbé e sí ibi tó máa ń gbé e sí. Ẹsẹ̀ méjèèjì, ó mú un lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ọkọ rẹ̀ wà, ó fi lélẹ̀ níbẹ̀, kò sì gbá ibẹ̀.